Káfíńtà àti Ilé Tí Kò Ní Ẹ̀yìn

Ní ìlú kan tó wà lẹ́sẹ̀ òkè, ọkùnrin kan wà tó jẹ́ káfíńtà. Bó bá kan òrùlé, ìjì kì í ṣí i. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a lè sùn sí, tí a lè jókòó lé, tàbí tí a lè tì pa lálẹ́. Ìbídùn ni orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀ àbígbẹ̀yìn, òun ló sì máa ń tẹ̀ lé e lọ síbi iṣẹ́.

Ìlú náà rẹwà, àwọn ilé àtijọ́ sì pọ̀ níbẹ̀ tí òjò kò tí ì wó tán. Nítorí èyí ni àwọn tó ń ṣe fíìmù fi máa ń wá síbẹ̀. Wọn a kó oníná wá, wọn a mú ẹni tó ń di kámẹ́rà mú wá, wọn a mú ẹni tó ń kun òṣèré lójú wá, títí dórí ẹni tó ń lọ aṣọ. Àwọn ará ìlú a máa pọn omi, wọn a máa ru ẹrù, wọn a sì dúró lọ́ọ̀ọ́kán máa wòran. Bí àwọn àlejò bá lọ tán, ohun tó máa ń kù sílẹ̀ kò ju ipa táyà lọ.

Lọ́dún kan, ọ̀gá obìnrin tó ń darí eré gba káfíńtà yìí síṣẹ́, pé kó bá òun kan iwájú ilé kan sẹ́bàá ọ̀nà oko. Iwájú nìkan ni wọ́n fẹ́. Kò sí yàrá, kò sí òrùlé, igi ni wọ́n fi tì í lẹ́yìn kó má baà ṣubú. Káfíńtà kàn án, ṣùgbọ́n bó ti ń kàn án ló ń mi orí. Ẹni tó yẹ kó kun pákó náà, kó lè jọ ilé alámọ̀ àtijọ́, kò lè dé; mọ́tò rẹ̀ bàjẹ́ lọ́nà jíjìn. Ìbídùn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ìwé girama, ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbìyànjú. Ó po erùpẹ̀ pupa mọ́ ọ̀dà, ó da eérú sí i, ó ń fi kànìnkànìn tẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó. Ó fa ojú òjò sí i lára, bí ẹni pé omi ti ń ṣàn níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó fi èédú kun òkè fèrèsé, bí ibi tí èéfín ìdáná máa ń gbà jáde.

Nírọ̀lẹ́, ìyá àgbà kan ń ti oko bọ̀, ó ru igi. Ó dé iwájú pákó náà, ó dúró.

“Ẹ kú ilé o,” ló wí.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún kí wọn, lẹ́yìn náà ó bá tirẹ̀ lọ, ó ń ráhùn pé àwọn onílé yìí kò mọ ìkíni í jẹ́. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá obìnrin náà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ojú Ìbídùn ló tẹjú mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá obìnrin náà wá sílé káfíńtà, ó kúnlẹ̀ kí i.

“Bàbá, ẹ dákun, ẹ yọ̀ǹda ọmọ yìí fún wa. A ní ibi tí a ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ yìí, ọdún méjì ni. Bó bá kọ́ ọ tán, a ò ní máa kó oníṣẹ́ ti ọ̀nà jíjìn wá síbí mọ́. Òun náà á sì kọ́ àwọn míì.”

Káfíńtà kò bú u. Ó fún un lómi mu. “Ẹ ṣeun, ìyáàfin,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ọmọ mi kò ní fi ayé rẹ̀ kọ́ ilé tí ẹnikẹ́ni kò ní sùn sí.”

“Àwọn ènìyàn máa ń wọ inú rẹ̀, Bàbá. Ojú ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́.”

“Lọ́jọ́ tí òjò bá dé, kì í ṣe ojú nìkan ni yóò pa.”

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ìbídùn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò bẹ bàbá rẹ̀, nítorí nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, bí bàbá bá ti sọ̀rọ̀, ó tán. Ká sọ tòótọ́, kì í ṣe òjò ló ń ba káfíńtà lẹ́rù. Ó ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa àwọn ọmọbìnrin tó ń bá àwọn òṣèré kiri, kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá òótọ́ ni.

Ó rán ọmọ náà sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní ìlú ńlá, pé kó máa bá a ta símẹ́ńtì. Nígbà tó yá, Ìbídùn lọ́kọ, ó bímọ, ó ní ṣọ́ọ̀bù símẹ́ńtì tirẹ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Ọdún gorí ọdún. Ọ̀gá obìnrin náà tún padà wá, irun rẹ̀ ti funfun. Lọ́tẹ̀ yìí, odidi òpópónà kan ni wọ́n fẹ́ kọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló kó wá láti ìlú oríṣiríṣi, kò sì sí ọmọ ẹsẹ̀ òkè kan ṣoṣo láàárín wọn. Wọ́n gba káfíńtà láti máa kan pákó. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń wò wọ́n. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọkùnrin tó dàgbà jù ú lọ ń pè ní ọ̀gá. Káfíńtà wo ìrìn rẹ̀, ó fetí sí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, kò rí ohun ìtìjú kankan.

“Bàbá, ọmọ yín ńkọ́?” ni ọ̀gá obìnrin náà béèrè.

“Ó wà. N óò lọ mú un wá.”

Òun fúnra rẹ̀ ló wọkọ̀ lọ. Ó bá Ìbídùn níwájú ṣọ́ọ̀bù, eruku símẹ́ńtì lára rẹ̀. Nígbà tó ro ẹjọ́ tán, Ìbídùn gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀ nù.

“Ṣé ẹ̀yin gan-an lẹ ní kí n wá, Bàbá?”

“Èmi ni.”

Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ̀ lé e.

Wọ́n fún un ní pákó àti ọ̀dà. Ó fa ojú òjò, ó nù ún kúrò, ó tún fà á. Ohun tó wà lójú rẹ̀ kò dé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ náà pàápàá ti yí padà. Orí kọ̀ǹpútà ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń ya ilé kí wọ́n tó fọwọ́ kan pákó. Ọ̀gá obìnrin náà gbé ọwọ́ lé e léjìká.

“Ẹ̀bùn rẹ ò lọ,” ló wí. “Ẹ̀kọ́ ni kò bá a. Bá àwọn ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.”

Ìbídùn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ara ọkọ òun kò yá, àwọn ọmọ wà nílé ìwé, ṣọ́ọ̀bù náà sì ni gbogbo wọn fi ń jẹun. Ó fọ búrọ́ọ̀ṣì náà mọ́ tónítóní, ó dá a padà.

Bàbá rẹ̀ sìn ín dé ibùdókọ̀. Wọ́n jọ dúró títí ọkọ̀ fi ń kún.

“Má bínú sí mi, Ìbídùn.”

“N ò bínú, Bàbá. Ire mi lẹ ń wá. Ohun tó kàn ń dùn mí ni pé n ò lè sọ ohun tí mo sọ nù, torí n ò dé ibi tó wà rí.”

Káfíńtà ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún un. Ọkọ̀ kún, ó gbéra.

Nígbà tí fíìmù náà jáde, wọ́n fi í hàn ní gbọ̀ngàn ìlú. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n dìde, wọ́n ń lọ sílé. Káfíńtà kò dìde. Orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ ń gòkè lójú aṣọ funfun tí wọ́n fi ń wo fíìmù náà, ó sì ń kà wọ́n. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó rí tirẹ̀ láàárín àwọn tó kan pákó. Òun nìkan ló ti ìlú náà wá, ó sì ti darúgbó.

Ìwọ tí o wá pé kí àgbà bá ọ kìlọ̀ fún ọmọ rẹ, nítorí ó ní iṣẹ́ kámẹ́rà lòun fẹ́ kọ́, ìwọ ni a ń pa àkàwé yìí fún. Káfíńtà kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, ìfẹ́ náà ló sì fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí iṣẹ́ kan bá ṣàjèjì sí ọ, má ṣe fi àìmọ̀ rẹ díwọ̀n rẹ̀. Tọ àwọn tó ń kọ́ni lọ, wádìí ìwà wọn, wo àwọn tó ti kọ́ ọ ṣáájú. Bó bá burú, kọ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe kọ̀ kí o tó béèrè. Ìlú tó ń fi òkè rẹ̀ àti ilé rẹ̀ lélẹ̀ fún àlejò, tí kò fi ọmọ rẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́, ẹrù ni yóò máa rù. Ọmọ tìrẹ ṣì wà nílé. Lọ jókòó tì í, kó sọ ohun tó rí nínú iṣẹ́ náà fún ọ, kí ìwọ tó sọ ohun tí o kò rí.