Ọta Tó Wọ Ìbọn Bàbá

Ọkùnrin kan wà, ọdẹ ni. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jogún ìbọn ìléwọ́ oníhò mẹ́fà tí bàbá fi sílẹ̀. Òun náà wá lọ ra tirẹ̀, tuntun, irin rẹ̀ nípọn. Irú ọta kan náà ni ìbọn méjèèjì ń lò, èyí tí wọ́n ń ṣe ní ilé iṣẹ́, tí wọ́n ń tà nínú páálí.

Ṣùgbọ́n ọta inú páálí kò tẹ́ ọdẹ yìí lọ́rùn. Ó ní ṣe ni wọ́n ń bu ẹ̀tù sí i bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ aláìsàn. Ó gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ tó ń tún ìbọn ṣe, ó ní kó bá òun fi ẹ̀tù kún un.

Alágbẹ̀dẹ kọ̀. Ó ní, "Ẹni tó ṣe ọta yìí kò mọ ìbọn tí yóò bọ́ sí. Ó lè bọ́ sí tuntun, ó lè bọ́ sí ògbólógbòó. Ìdí nìyẹn tó fi wọn ẹ̀tù rẹ̀ mọ èyí tó gbó jù. Kì í ṣe pé ó háwọ́."

Ọdẹ rẹ́rìn-ín. Ó padà sílé, ó fi ẹ̀tù kún ọta náà fúnra rẹ̀. Ká má parọ́, ìbọn tuntun gbà á. Ọta ń sáré, ó ń la pákó já, ìró rẹ̀ ń mi ilé. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yìn ín, orí rẹ̀ sì wú.

Nígbà tó yá, olórí ọdẹ papò dà. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsìnkú, gbogbo ọdẹ ní láti yìnbọn sókè láti fi dágbére fún un, ìbọn tó bá sì dún jù ni èrò ń hó fún. Ẹ̀gbọ́n mú ìbọn bàbá wọn wá, àmọ́ ọta rẹ̀ ti tán. Àbúrò kò fẹ́ kí ojú ti ìdílé wọn. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fún un lára tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. "Àbúrò mi, ṣé ìbọn Bàbá á lè gbé e?"

"Ẹ tì í bọ ihò rẹ̀ ná, Ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ẹ rí i? Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú."

Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n fọkàn tán an, ó yìnbọn. Irin àtijọ́ náà kò lè gba agbára tó ń tì í láti inú, ó fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìka mẹ́ta ló bá a lọ.

Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ òsì ni ẹ̀gbọ́n fi ń jẹun. Bó bá fi ọwọ́ òsì na igbá omi sí àbúrò rẹ̀, kò sí ẹni tó lè ní kó fi ọ̀tún nà án. Àbúrò á dọ̀bálẹ̀ kó tó gbà á.

Ìwọ tí o jókòó síwájú mi yìí, o ní ọ̀rọ̀ gbígbóná tí o sọ sí àkọ́bí rẹ tó fi dèèyàn náà lo ń sọ sí àbúrò rẹ̀, o kò mọ ohun tó ṣe é tí kò fi bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́ láti oṣù méjì. Inú kan náà ló bí wọn, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n pé ọ̀rọ̀ wọ etí ọmọ kò sọ pé àyà rẹ̀ á gbé e. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí ọmọ yẹn. Kò tíì fọ́. Bí o bá délé lónìí, wọn ẹ̀tù ẹnu rẹ mọ èyí tí agbára rẹ̀ kéré. Ọmọ tó le kò ní torí ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ bàjẹ́.