Iyán Bàbá Àlàdé
Nígbà kòrónà, alága káńsù wa ṣí ibùdó ìtọ́jú tí kò ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, ó sì kéde pé ẹnikẹ́ni ò kú níbẹ̀. Ó ní àfi kí Ìyá Àlàdé, ìyàwó ilé wa, jẹ́rìí bẹ́ẹ̀ lórí rédíò kí a tó lè gba òkú ọkọ rẹ̀, Bàbá Àlàdé, tó kú síbẹ̀, sin. Ìyá Àlàdé gbé iyán gbígbóná lọ sí ibùdó náà, ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn oníròyìn: "Òótọ́ ni alága sọ, ẹnikẹ́ni ò kú. Ẹ bá mi pe Bàbá Àlàdé kó wá jẹun." Alága ní, "Ó ń sùn, màmá." "Ẹ jí i, sà. Kì í jẹ iyán tútù." Ni àwọn obìnrin tí Ìyá Àlàdé ti ránṣẹ́ sí, tí ọkọ wọn náà kú síbẹ̀, bá gbé abọ́ tiwọn náà kalẹ̀, kálukú ń pe ọkọ rẹ̀, rédíò sì ń gbé e sáfẹ́fẹ́. Alága yọ kọ́kọ́rọ́, ó ṣí yàrá tí wọ́n kó òkú sí. Òkú mẹ́sàn-án la gbé jáde. Ìrọ̀lẹ́ la sin Bàbá Àlàdé sí ẹ̀yìnkùlé. Iyán ti tutù, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.