Ibi tí Ìbọn Náà Ń Sùn

Ọkùnrin kan wà, ọdẹ ni, ó sì fẹ́ràn ìbọn rẹ̀ ju bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn ilé tó kọ́ lọ. Jókòó dáadáa, Láoyè. O ti sọ tìrẹ tán, mo sì ti gbọ́. Jẹ́ kí n sọ ti ọkùnrin yìí fún ẹ kó o tó dìde lọ bá àbúrò rẹ jà.

Kì í ṣe ọdẹ tó ń pa ẹran tà. Àwọn àgbẹ̀ ìlú rẹ̀ ló ní kó máa bá àwọn ṣọ́ oko, torí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ igbó ti sọ iṣu wọn di oúnjẹ àárọ̀. Nígbà tó ṣì ń lo ìbọn ṣakabùlà tó jogún lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, tó bá yìn ín, ẹlẹ́dẹ̀ kan á ṣubú, ìyókù á fọ́nká wọ oko ẹlòmíràn, wọ́n á máa tẹ ebè fọ́ kiri. Arúgbó tó ń rẹjú nílé á ta jí. Aboyún á di ikùn mú. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ fi gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, tí wọ́n sì fún un ní ìbọn òyìnbó kan tó ní sáílẹ́ńsà lẹ́nu.

O mọ sáílẹ́ńsà ọ̀kadà, èyí tí kì í jẹ́ kó máa pariwo kiri àdúgbò. Irú rẹ̀ náà ni ti ìbọn. Irin gígùn kan ni, ó ṣe rọ̀bọ̀tọ̀, wọ́n máa ń yí i mọ́ ẹnu ìbọn bí a ṣe ń yí ọmọrí mọ́ ẹnu ìgò. Nínú rẹ̀, àwọn irin pẹlẹbẹ kan tò tẹ̀lé ara wọn, ihò wà láàárín wọn. Ọta á gba inú ihò wọ̀nyẹn kọjá, ariwo á sì kù sẹ́yìn. Tí ọdẹ náà bá yin ìbọn yẹn, ariwo rẹ̀ kò ju ti ìgbà tí èèyàn bá fi agbára pa ilẹ̀kùn dé lọ.

Ó kẹ́ ìbọn náà. Ó ń nù ún, ó ń fi òróró pa á, kì í sì í jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ gbé ìgbálẹ̀ sún mọ́ ọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè yá a, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ọdẹ ni àbúrò yìí pẹ̀lú. Ẹ̀gbọ́n sì ti ń sọ ọ́ kiri pé tí ẹgbẹ́ ọdẹ bá ti ṣe ìpàdé ọdún wọn, òun máa mú un dúró níwájú wọn gẹ́gẹ́ bí igbákejì òun, ẹni tí yóò máa ṣọ́ oko nígbà tí ara òun bá kọ̀.

Ara rẹ̀ kọ̀ lóòótọ́. Ibà dá a dùbúlẹ̀, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ò sì dúró dè é. Ó pe àbúrò rẹ̀, ó gbé ìbọn lé e lọ́wọ́, ó ní, "Bó o ṣe rí i yìí ni mo fẹ́ rí i." Àbúrò lọ, ó pa méjì, ó nu ìbọn, ó dá a padà kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ̀gbọ́n gbé e kọ́ síbi tó máa ń gbé e kọ́ sí, ó tún dùbúlẹ̀. Ibà náà pẹ́ lára rẹ̀.

Nígbà tó gbádùn, ó jáde. Ó rí ẹlẹ́dẹ̀ kan, ó fojú sùn ún, ó yìn. Ìbọn náà dún gbàù, nǹkan kan sì ró gbọnra nínú sáílẹ́ńsà bí ìgbà tí wọ́n bá ju òkò lu páànù. Ọta kò ba ẹlẹ́dẹ̀, igi ọsàn ló bà. Ọdẹ náà dúró, ó ń wo ìbọn rẹ̀ bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣàdédé bú.

Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló lò ó kẹ́yìn? Ilé àbúrò rẹ̀ ló gbà lọ tààrà.

"Kí lo fi ìbọn mi ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹlẹ́dẹ̀ ni mo fi pa."

"O ò jù ú mọ́lẹ̀?"

"Rárá o. Bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe dá a padà."

"Irọ́ lò ń pa."

Ọ̀rọ̀ yìí ló dun àbúrò jù. Ká sọ fún èèyàn pé kò ṣọ́ra, kò burú. Àmọ́ ká pe ọmọ ìyá ẹni ní òpùrọ́ lójú ìyàwó rẹ̀, ìyẹn le. Ó dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n rí i pé ó dákẹ́, ó ní ẹ̀rí tí òun ń wá nìyẹn. Ó ní kó má tẹ ilé òun mọ́. Ó ní tó bá di ọjọ́ ìpàdé, òun máa dìde láàárín gbogbo ọdẹ, òun á sọ pé ẹni tí kò ṣeé fi ìbọn lé lọ́wọ́ ni. Ìwọ náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Tí ẹ̀gbọ́n ẹni bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, kò sí ọdẹ tó máa bá onítọ̀hún wọ igbó mọ́ láyé.

Lẹ́yìn náà ló gbé ìbọn lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tó ń tún ìbọn ṣe. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, ìbéèrè rẹ̀ kì í tán, kì í sì í fẹ́ kí wọ́n sọ ohun tó ṣe nǹkan fún òun kí òun tó wò ó.

Ọdẹ ní, "Àbúrò mi ló bà á jẹ́."

Alágbẹ̀dẹ ní, "Àbúrò rẹ kọ́ lo gbé wá. Jẹ́ ká wo ìbọn."

Ó rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀, ó tú sáílẹ́ńsà, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó di ojú kan, ó fi èkejì wo inú rẹ̀. Ó pe ọdẹ náà pé kó wá wò ó. Ihò tó yẹ kó ṣe roboto ti bù lápá kan, àfi bí ìgbà tí eku bá gé àkàrà jẹ.

"Ọta ló gé e," alágbẹ̀dẹ wí. "Ọta tó yẹ kó gba àárín ló fara ha ẹ̀gbẹ́. Kí ló wá dé tí kò gba àárín?"

"Àbúrò mi."

Alágbẹ̀dẹ rẹ́rìn-ín. Ó pààrọ̀ irin tó bù, ó dì í padà, ó dán an wò, ó dára. Àmọ́ inú rẹ̀ ò balẹ̀, torí kò tíì mọ ohun tó fà á. Ó fi ìṣó ha ìlà tín-ín-rín kan sára sáílẹ́ńsà, lápá òkè, níbi tí inú ti bù. Ó ní, "Tó bá tún dún bẹ́ẹ̀, má yìn ín lẹ́ẹ̀kejì. Gbé e tọ̀ mí wá."

Ọdẹ gbé ìbọn rẹ̀ lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, ó ń ti yàrá rẹ̀ pa. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án lẹ́yìn òun. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó tún yìn ín, ó tún dún gbàù.

Láoyè, ibí yìí ni kó o ti fetí sílẹ̀. Níbo ni àbúrò wà? Ó wà nílé rẹ̀, ó ń di ẹrù. Ó ti gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tó máa ṣọ́ oko ní ìlú kan tó jìnnà, ó fẹ́ máa lọ kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, kí etí rẹ̀ má baà gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa sọ. Kò fọwọ́ kan ìbọn. Kò tilẹ̀ fojú kàn án.

Ó yẹ kí ojú ti ọdẹ náà, àbí? Kò tì í. Ẹlòmíràn tó máa dá lẹ́bi ló ń wá. Ó fura sí ìyàwó rẹ̀. Ó fura sí aláǹgbá tó ń gun ògiri yàrá. Ó fura sí alágbẹ̀dẹ pàápàá, pé bóyá kò dì í le. Gbogbo ohun tó ń mí nínú àdúgbò yẹn ló fura sí, àfi ara rẹ̀.

Ó gbé ìbọn padà tọ alágbẹ̀dẹ lọ. Alágbẹ̀dẹ kò tíì tú ìbọn náà rárá tó ti fọwọ́ tẹ ibi tí sáílẹ́ńsà ti so mọ́ ẹnu rẹ̀. Ó mì. Ó gbé e sí ọ̀ọ́kán ojú rẹ̀, ó wò ó láti ìdí dé ẹnu. Ó wá tú u, ó wo inú rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni tó rí nǹkan he.

"Apá ibo ló bù?"

Ọdẹ wò ó. "Apá òkè. Níbi ìlà tẹ́ ẹ fà."

"Ibi kan náà. Tó bá jẹ́ pé ó já bọ́ ni, ṣé yóò máa wá ibi tó fọ́ lánàá kiri ni? Nǹkan kan ló ń fa orí rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìbọn ń wo iwájú, sáílẹ́ńsà ń wo ilẹ̀. Ọta tó ń lọ tààrà kò ní ṣàì ha òkè. Ibo ni ìbọn yìí ń sùn?"

"Nínú yàrá mi."

"Mo fẹ́ débẹ̀."

Ọdẹ ò rí i rí kí alágbẹ̀dẹ fi iná sílẹ̀ torí àtilọ wo yàrá ẹni ẹlẹ́ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ òun pàápàá níyà, ó fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n jọ lọ.

Lókè ibùsùn, èèkàn méjì wà lára ògiri. Bàbá ọdẹ náà ló kàn wọ́n, orí wọn sì ni ṣakabùlà bàbá sùn títí bàbá fi kú. Alágbẹ̀dẹ ní, "Gbé e kọ́ bó o ṣe máa ń gbé e kọ́." Ọdẹ gbé ìbọn lé èèkàn méjèèjì. Lẹ́yìn náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, ó bọ́ àpò ọdẹ rẹ̀ léjìká, àpò tí ọta, ọ̀bẹ, tọ́ọ̀ṣì àti ike omi wà nínú rẹ̀, ó sì fi kọ́ ẹnu ìbọn. Àpò náà ń fì lórí sáílẹ́ńsà.

Alágbẹ̀dẹ wo àpò títí. "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Bàbá mi. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe, kí wọ́n lè mú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀. Ìbọn tiwọn ò bàjẹ́ rí."

"Òótọ́ ni. Irin kan ṣoṣo ni tiwọn láti ìdí dé ẹnu, ó lè ru àpò. Eléyìí ní oríkèé. Oríkèé yẹn sì ni àpò rẹ ń fà ní gbogbo ìgbà tó o bá ń sùn." Ó yíjú sí i. "Àbúrò rẹ ńkọ́? Ibo lòun gbé e kọ́ sí?"

"Kò gbé e kọ́. Ọjọ́ yẹn náà ló dá a…" Ọdẹ ò lè parí ọ̀rọ̀ náà. Ó rántí pé ní gbogbo ọjọ́ tí ibà fi ń ṣe òun, àpò yẹn ń fì lókè orí òun. Ó bọ́ àpò náà kúrò lẹ́nu ìbọn. Ojú tì í, ó sì dùn ún wọra.

Ó mú àpò náà lọ́wọ́, ó ń sáré rìn lọ sílé àbúrò rẹ̀. Ó bá a tó ń fi okùn di ẹrù mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó tò jọ lójú ọ̀nà fò lọ.

Ó ní, "Mo fẹ́ kó o wá bá mi kan èèkàn kan mọ́ ògiri. Èyí tí màá máa fi àpò kọ́."

Àbúrò wo àpò, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò yé e.

"Sáílẹ́ńsà yẹn," ẹ̀gbọ́n wí, "èmi ni mo bà á jẹ́. O ò parọ́."

Okùn ṣì wà lọ́wọ́ àbúrò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ó ní, "Igi wo lẹ fẹ́ ká fi gbẹ́ èèkàn náà?"

Ó tán. Ó ku tìrẹ, Láoyè.

O ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni ọmọ rẹ. O ní ó lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ àbúrò rẹ, ó dé, o bá a sọ̀rọ̀, ó sì jágbe mọ́ ẹ. O wá fẹ́ dúró níwájú gbogbo ẹbí lọ́jọ́ Sátidé, kó o sọ pé kí wọ́n má rán ọmọ sí àbúrò rẹ mọ́. Ó lè jẹ́ àbúrò rẹ lóòótọ́, n ò tíì wo inú ọmọ náà. Àmọ́ ìwọ náà lo sọ ọ́ bọ́ sílẹ̀ níbí pé ó ti jágbe bẹ́ẹ̀ nígbà ọdún Àjíǹde, nígbà tí kò tíì lọ síbì kankan. Ìwọ náà lo tún fi yangàn pé bí bàbá rẹ ṣe tọ́ ẹ lò ń tọ́ ọ. Gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe fún ẹ níbi iṣẹ́, orí ọmọ yẹn lò ń bọ́ ọ lé bó o bá ti wọlé, kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

Mo mọ bàbá rẹ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ẹ, o rù ú, o ò sì ṣẹ́. Irin kan ṣoṣo ni ẹ̀yin méjèèjì. Ọmọ yìí ní oríkèé.

Má pe àbúrò rẹ lónìí. Lọ sílé, bọ́ àpò rẹ kúrò lọ́rùn ọmọ yẹn, kó o sì wá ibòmíràn tó o máa gbé e kọ́. Tó bá ṣì ń dún gbàù lẹ́yìn ìyẹn, padà wá. Èmi fúnra mi máa tẹ̀ lé ẹ lọ sílé àbúrò rẹ.