Ọmọlangidi Tí Ìgbálẹ̀ Kàn

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀ ṣàà, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọ ààfin, ó dá lé orí Àwẹ̀ró gbálẹ̀gbálẹ̀ àti Odídẹrẹ́ akéwì. Ìbídùn, ká ẹsẹ̀ rẹ kò. Ẹni bá sùn, n kò ní tún un sọ fún un o.

Ní ìgbà kan rí, ọba kan wà tó ń jẹ́ Adéyẹjú. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Adéṣìkẹ́. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà ni. Ibà mú un lọ́jọ́ Ajé, nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, ó kú.

"Háà!"

Ó dùn mí náà. Ọba wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Kò jẹun, kò sọ̀rọ̀, kò sì sunkún.

Àwọn ìjòyè bá ṣòfin pé ẹnikẹ́ni tó bá dárúkọ ọmọ náà, tàbí tó dárúkọ ohunkóhun tó jẹ́ tirẹ̀ nínú ààfin, wọn yóò bẹ́ ẹ lórí. Wọ́n ní kí ọkàn ọba má baà gbọgbẹ́ sí i.

Ọ̀ràn mìíràn tún wà níbẹ̀. Nílùú náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ iṣu tuntun kí ọba tó fi ẹnu kàn án. Iṣu ọdún tó kọjá ti tán. Tuntun kún oko, ebi sì ń pa ìlú! Ewé ni àwọn ọmọ Àwẹ̀ró ń sè jẹ.

"Ewé lásán, Màmá?"

Ewé lásán. Wọ́n bá pe Odídẹrẹ́, akéwì ààfin, pé kó fi ewì ṣí ọba lẹ́nu. Odídẹrẹ́ na ìrù pupa, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ọba, ó ní:

"Ìwọ ìràwọ̀ ojúde òfuurufú, tí ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ àìníbẹ̀rẹ̀ sórí òkun àìlópin!"

"Kí ló túmọ̀ sí?"

Ṣé èmi ni kí n mọ̀? Òun alára kò mọ̀! Àwọn ìjòyè ń mi orí, wọ́n ń wí pé, "Ó ga o!" Ilẹ̀kùn kò ṣí. Ó kéwì lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀kùn kò ṣí. Ó kéwì fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún gbáko, ilẹ̀kùn kò ṣí.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀ láàfin yẹn. Gbálẹ̀gbálẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fi orin pe gbogbo ohun tí ìgbálẹ̀ rẹ̀ bá kàn, kí ẹni tó sọ nǹkan nù lè gbọ́ láti inú yàrá, kó sì jáde wá gbé e. Ìyá Àwẹ̀ró ló fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Orin náà ti mọ́ ọn lẹ́nu débi pé kì í ronú kó tó kọ ọ́. Ẹ máa gbè é:

"Ìgbálẹ̀ mi, kí lo kàn?"

"Sọ ọ́ ká gbọ́!"

"Mo kan èèpo ẹ̀pà."

"Sọ ọ́ ká gbọ́!"

"Ẹni tó jẹ ẹ́ kò dá a jẹ."

"Sọ ọ́ ká gbọ́!"

Ó gbálẹ̀ dé abẹ́ fèrèsé ọba. Ó ti ìgbálẹ̀ bọ abẹ́ àpótí.

"Mo kan ọmọlangidi igi.
Ọ̀já ṣì wà lára rẹ̀.
Ìyá tó ń pọ̀n ọ́n kò sí nílé."

Ẹ̀yin náà ti dákẹ́? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ààfin dákẹ́! Ọmọlangidi Adéṣìkẹ́ ni! Ẹnu Àwẹ̀ró ti sọ ọ́ tán kí ojú rẹ̀ tó dá a mọ̀. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èèwọ̀!" Odídẹrẹ́ ló pariwo.

Ẹkùn, olórí ẹ̀ṣọ́, fò sókè, ó dì í lọ́rùn mú.

"Mo gbé o! Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọmọ nílé!"

Ẹkùn yọ idà.

"Yéè! Màmá, ẹ má jẹ́ kó pa á!"

Ilẹ̀kùn ṣí gbà! Ọba jáde, kò dé adé, kò wọ bàtà! Ṣé ẹ ti rí ọba láìsí bàtà rí? Gbogbo wọn dojú bolẹ̀.

"Fi í sílẹ̀," ni ọba wí. "Àwẹ̀ró, orin rẹ kò tíì parí."

Àwẹ̀ró mú ìgbálẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ó fi ohùn tínrín parí rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń parí rẹ̀:

"Ẹni tó ni ín, ó yá, wá gbé e."

"Èmi ni mo ni ín," ni ọba wí.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọlangidi náà. Ó gbé e sẹ́yìn ara rẹ̀, ó fi ọ̀já kékeré yẹn so ó, ọ̀já kò ká a, ó bá fi agbádá rẹ̀ gbà á mọ́ra.

"Ọba pọn ọmọlangidi?"

Ọba! Lójú gbogbo ààfin! Ó wá bú sẹ́kún. Ó sunkún títí oòrùn fi kúrò lójúde, lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ gbé iṣu wá." Ó jẹ ẹ́ tòun ti ọmọlangidi lẹ́yìn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo ilé ló gúnyán, ti Àwẹ̀ró náà kò gbẹ́yìn.

Inú Odídẹrẹ́ kò dùn. "Kábíyèsí, èyí kì í ṣe ewì! Èèpo ẹ̀pà!"

Ọba wò ó. "Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún lo fi sọ ìràwọ̀ fún mi. Ọmọ mi kò gbé inú ìràwọ̀. Abẹ́ fèrèsé yìí ló ti ń ṣeré, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la sì jọ ń jẹ ẹ̀pà. Títí wàá fi fi ojú ara rẹ rí nǹkan, ohun tí ẹlòmíràn bá sọ ni kí o máa sọ."

Ìdí nìyẹn tí Odídẹrẹ́ fi ń tún ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ sọ títí dòní. Kò tíì rí nǹkan kan.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ewì kò jìnnà sí wa. Ẹ wo ohun tó wà lẹ́sẹ̀ yín, kí ẹ sì sọ ọ́ bí ẹ ṣe rí i, yóò wọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ńláńlá kò lè wọ̀ lára.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi fìdí kalẹ̀ sí. Bí mo bá fi irọ́ sí i, kí ìgbálẹ̀ ilé yìí gbá mi síta láàárọ̀. Bí òótọ́ bá sì ni, kí ẹnu mi ró lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Pó! Pó! Pó!