Àlá Àrá Tí Nikánọ̀ Lá
Nikánọ̀, ọlọ́rọ̀ kan nílẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, lálàá pé àrá sán pa òun, ó sì ní bí Mẹlítà, ẹrú rẹ̀, bá túmọ̀ àlá náà sí ibi, tàbí tó parọ́, òun á pa á. Mẹlítà ní, “Olúwa mi, àwọn àgbà ní àrá ojú àlá a máa gba dúkìá ọlọ́rọ̀, a sì máa tú ẹrú sílẹ̀. Dúkìá yín ni mí; ẹ tú mi sílẹ̀, méjèèjì á ṣẹ lónìí.” “Alárékérekè! Bí mo bá pa ọ́, ṣé dúkìá mi ò ní dín ni?” “Á dín, ṣùgbọ́n ta ló ń tú òkú sílẹ̀? Ìdajì àlá tó kù á máa wá yín kiri.” Nikánọ̀ tú u sílẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí. Nídìí ọlọ ni Mẹlítà fi ìyá rẹ̀, tó ṣì jẹ́ ẹrú, sílẹ̀ sí. Àlá kan ṣoṣo ni ọ̀gá wọn lá.