Ibi Tí Òjò Ti Kán Sí Ọba Léjìká

"Kábíyèsí, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

Báyìí ni àwọn ìjòyè ṣe ń tu Yoithongba nínú, ọ̀kan nínú àwọn ọba àkọ́kọ́ ìran Khuman ní ilẹ̀ Manipur, ní orílẹ̀-èdè Íńdíà. Ìgbà kẹta nìyí tí ààfin rẹ̀ jóná, ìgbà kẹta nìyí tó sì ń gbọ́ òwe kan náà. Ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu.

Ahéré Sanarei, opó apẹja kan, ló sá sí, lórí koríko tó léfòó lójú ọ̀sà. Òjò ń rọ̀, òrùlé ń jò, omi sì ń kán sí ọba léjìká.

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò tún òrùlé yìí ṣe?"

"Kábíyèsí, àwọn ọmọ mi ló ń bá mi ṣe é. Tẹ́lẹ̀, nínú ogójì ọjọ́, mẹ́wàá ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ọba. Látìgbà tí ààfin ti ń jó, ó ti di ọgbọ̀n. Mẹ́wàá tó kù, ẹja tí a ó jẹ ni wọ́n ń wá."



"Lọ́tẹ̀ yìí," ni ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè tó bá ọba wá wí, "a ó fi yàrá méje kún ààfin."

"Ẹ dá àwọn tó ń gégi ààfin padà," ni ọba wí. " Kí oníkálukú lọ tún òrùlé ìyá rẹ̀ ṣe."

"Níbo wá ni Kábíyèsí yóò máa sùn?"

"Níbí. Ọjọ́ tí òrùlé kankan ò bá jò mọ́ lójú ọ̀sà yìí, ẹ wá bá mi sọ̀rọ̀ ẹwà."

Ó gba igbá lọ́wọ́ Sanarei, ó sì gbé e sábẹ́ ibi tó ń jò.