Bàbà Inú Omi, Bàbá Inú Ilé

“Bàbà ni wọ́n ní kó kúrò lómi, bàbá la lé kúrò nílé.” Gbogbo ẹnu ló ń pa òwe yìí, títí kan ẹnu tí kò tíì hu eyín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pa á, ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ẹ má purọ́. Ẹ fìdí kalẹ̀.

Obìnrin kan wà ní Ìkòròdú tí ń jẹ́ Mosúnmọ́lá. Kò ní ajá, kò ní ológbò. Edé ló ń sìn. Kì í ṣe edé ọbẹ̀ o! Edé wẹ́wẹ́ ni, pupa bí epo tuntun. Wọn kò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Bí o bá sín nítòsí wọn, wàá rò pé ìjì ti gbé wọn lọ. Inú àpótí dígí ni wọ́n ń gbé ní pálọ̀, láàárín koríko omi. Ogójì ni wọ́n, Mosúnmọ́lá sì dá ojú wọn mọ̀ ju ojú àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ.

Nígbà tí màmá rẹ̀ kú ní Ìwòpin létí ọ̀sà, nǹkan méjì ló mú bọ̀ láti ibi òkú: ẹ̀gbà ọwọ́ màmá rẹ̀, àti bàbá rẹ̀. Ó fọ ẹ̀gbà náà títí ó fi ń kọ mànà, ó sì gbé e sí ìsàlẹ̀ omi kí àwọn edé lè máa gba àárín rẹ̀ kọjá bí ẹnu ọ̀nà. Bàbá gbé àpótí ìjókòó síwájú dígí. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ń mọ́ bá wọn, ibẹ̀ ló ń ṣú bá wọn. Wọ́n á tẹjú mọ́ ẹ̀gbà náà bí ẹni tó fẹ́ fi ojú fà á jáde.

“Mosún,” ni wọ́n wí lọ́jọ́ kan, “ogójì ọdún ni mo fi ìgèrè kó edé. Èyí tí mo jẹ nìkan tó láti dí ọ̀sà pa. Ìwọ wá ń fún wọn lóúnjẹ!”

“Bàbá, ẹ má fi ojú ọbẹ̀ wo àwọn ọmọ mi o.”

“Ọbẹ̀ wo? Wọn ò tilẹ̀ kún ihò eyín!”

Ẹ̀rín tí bàbá rín nìyẹn, àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyàwó wọn. Wọ́n ti ìka bọ omi, edé kan sì gun orí ìka náà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ikú wọlé. Lọ́jọ́ Ajé, edé kan dojú dé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mẹ́ta. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, méjìlá ti lọ. Mosúnmọ́lá sunkún tó lè kún àpótí dígí mìíràn. Ó ya àwòrán omi náà, ó fi ránṣẹ́ sí Súfíánù tó ta edé fún un: kí ló ń pa wọ́n? Bàbá òun ti dé, wọn a máa tọwọ́ bọ omi.

Súfíánù fèsì lórí fóònù bí gbogbo wa ti ń kọ ọ́, láìsí àmì: “Baba lo n pa won. E yo baba kuro kiakia.”

Fóònù ò mọ ohùn. Mosúnmọ́lá náà ò bèèrè.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sí Ìwòpin fún ìgbà díẹ̀.”

“Kí ni mo ṣe?”

“Ẹ ò ṣe nǹkan kan.”

“Ṣé nítorí edé ni?”

Mosúnmọ́lá ń kó aṣọ wọn sínú àpò. Bàbá wo ẹ̀gbà inú omi, wọ́n mú fìlà wọn. Ó dá wọn padà sínú ilé tí kò sẹ́nìkan mọ́.

Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, edé kan ṣoṣo ló kù. Mosúnmọ́lá fi ìbínú pe Súfíánù. “Mo ti yọ bàbá kúrò! Mo ti mú wọn lọ sílé!”

“Ẹ mú ta lọ sílé?”

“Bàbá mi!”

Súfíánù tún àwòrán náà wò. “Ẹ̀gbọ́n, bàbà ni mo wí. Bàbà! Ẹ̀gbà tó wà nísàlẹ̀ omi nínú àwòrán yín. Oró ni bàbà fún edé.”

Mosúnmọ́lá sáré ki ọwọ́ bọ omi. Àárín ẹ̀gbà náà gan-an ni edé ìkẹyìn kú sí.

Kò dúró pa ilẹ̀kùn dé kó tó lọ sí Ìwòpin. Ó kúnlẹ̀, ó rò ó bó ṣe jẹ́, ó gbé ẹ̀gbà náà lé bàbá lọ́wọ́. Bàbá ò bínú. Wọ́n bá a padà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, wọn kò wọ yàrá kankan nínú ilé yẹn láìkọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà: “Mosún, ṣé mo lè wọlé?” Á dáhùn pé, “Ilé yín ni, Bàbá.” Ní ẹnu ọ̀nà kejì, wọ́n á tún bèèrè. Wọ́n bèèrè títí wọ́n fi kú.

Ìdí nìyí, bí ẹnìkan bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò yé e tán, tí kò bi ẹni tó sọ ọ́, tó wá fi jẹ aláìṣẹ̀ níyà, tí àwọn àgbà fi máa ń wí fún un pé: “Bàbà ni wọ́n ní kó kúrò lómi, bàbá la lé kúrò nílé.” Wọn kì í rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ń pa á.